Ohùn Ẹ̀yà Kékeré Nínú Ilé Aṣòfin: Ohun tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó Lè Rí Kọ́ ní South Tyrol

Ẹ̀yin orí adé tó wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa ní Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn àti agbègbè rẹ̀, mo kí yín, mo sì dúpẹ́ pé ẹ fún mi láǹfààní láti dúró níwájú yín. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ ni bí wọ́n ṣe ń yan ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ẹkùn, àti bí irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣojú àwọn ẹ̀yà tí àwọn tó ń sọ èdè wọn kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí a bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nílẹ̀ wa, iye ìjókòó ni a máa ń kà: ta ló ní aṣòfin, ta ni kò ní. Èmi kò kórìíra kíkà yẹn, torí ẹni tí kò sí nílé kò lè dáhùn ìpè. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí aṣòfin ẹ̀yà kékeré bá ti jókòó tán: ọjọ́ tí àbádòfin kan bá dé tó kan èdè rẹ̀, ilé ìwé ọmọ rẹ̀ tàbí owó ìlú rẹ̀, kí ni ìlànà ilé gbà á láyè láti ṣe? Èdè wo ni wọ́n sì gbà kó fi sọ ọ́?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé wa. Ìpínlẹ̀ yìí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, tí wọ́n sì yọ Èkìtì kúrò lára rẹ̀ ní ọdún 1996, ní ìjọba ìbílẹ̀ 18. Àwọn aṣòfin tó ń jókòó ní Alágbàka jẹ́ 26. Ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan ń yan ẹnì kan ṣoṣo fún ọdún mẹ́rin, ẹni tí ìbò rẹ̀ bá sì pọ̀ jù ló wọlé, ìbáà ṣe ìbò kan ṣoṣo ló fi ju ẹni tó tẹ̀ lé e lọ. Ìwé òfin ọdún 1999 ní kí wọ́n pín àwọn ẹkùn yìí kí iye èèyàn inú wọn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níwọ̀n ibi tó bá ti ṣeé ṣe. Òfin náà kò sọ pé kí ẹni tó ń pín in wo èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ èdè pọ̀ nínú ìpínlẹ̀ wa ju bí àwa tó ń gbé Àkúrẹ́ ṣe máa ń rò lọ. Ní Ẹsẹ̀-Odò, àwọn Ìjọ̀ ti Arógbò ń sọ èdè Ìjọ̀ nínú ilé àti lórí omi, nígbà tí àwọn ará Àpóì tó wà nítòsí wọn, tí wọ́n ka ara wọn kún Ìjọ̀ bákan náà, ń sọ Yorùbá láti ọjọ́ pípẹ́. Tí ẹ bá wá gòkè lọ sí Àkókó, ẹ ó bá èdè tí onímọ̀ èdè ń pè ní Akpes ní Àkúnnù, Ìkàràmù, Ìbàràmù, Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ àti àwọn ìlú bíi mélòó kan mìíràn. Ẹ ó bá Ukaan ní Auga, Iṣẹ àti Ìkákùmọ̀. Ẹ ó bá ẹgbẹ́ èdè tí Arigidi àti Erúṣú wà nínú rẹ̀. Ní Ìṣùà, ní Ẹ̀pìnmì, àti ní apá kan Ìdóànì, àwọn èdè kan wà tó jẹ́ ìbátan Ẹ̀dó, tí wọn kò sì jẹ mọ́ Yorùbá bí etí wa ṣe máa ń rò. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ àwọn èdè yìí gbọ́ Yorùbá dáadáa, wọ́n ń fi í ṣòwò, wọ́n ń fi í jọ́sìn, wọ́n sì ń pe ara wọn ní ọmọ Àkókó láìṣiyèméjì. Èyí kò sọ èdè tí ìyá wọn fi rẹ̀ wọ́n di nǹkan tí kò yẹ kí ìjọba kà sí.

Ẹ wá wo bí ìlànà ìdìbò kan náà ṣe ṣe sí ẹ̀yà méjì nínú wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn Ìjọ̀ wà lójú kan, Ẹsẹ̀-Odò lódindi sì jẹ́ ẹkùn ìdìbò kan, nítorí náà kò sí ọdún ìdìbò tí ohùn Arógbò àti Àpóì kò ní ṣe pàtàkì nínú ẹni tí yóò jókòó ní Alágbàka láti ibẹ̀. Àwọn tó ń sọ Akpes ńkọ́? Àkúnnù wà ní Àríwá Ìlà-Oòrùn Àkókó, àwọn ìlú yòókù sì wà ní Àríwá Ìwọ̀-Oòrùn Àkókó. Ààlà gba àárín wọn kọjá. Níhà méjèèjì, wọ́n kéré láàárín àwọn tó pọ̀ jù wọ́n lọ, wọn kò sì lè dá yan ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó jókòó pète láti pa ohùn wọn. Ìlànà tó bá jẹ́ pé ẹni tó pọ̀ jù lójú kan ló ń kó gbogbo rẹ̀, bí ó ṣe máa ń ṣe sí èdè tí àwọn olùsọ rẹ̀ kò pọ̀, tí wọ́n sì fọ́n ká, nìyẹn.

Ibi tí mo fẹ́ mú yín lọ láti lọ wo ọ̀nà mìíràn ni ìgbèríko kan ní àríwá orílẹ̀-èdè Ítálì, láàárín òkè, tí àwọn tó ń sọ èdè Jámánì ń pè ní Südtirol, tí àwọn tó ń sọ èdè Ítálì ń pè ní Alto Adige, tí Gẹ̀ẹ́sì sì ń pè ní South Tyrol. Bolzano ni olú-ìlú rẹ̀. Ilẹ̀ Ọ́stríà ni tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ni wọ́n gé e fún Ítálì, pẹ̀lú àwọn èèyàn tí púpọ̀ jù nínú wọn kò gbọ́ èdè Ítálì. Lábẹ́ Mussolini, apàṣẹwàá tó ṣàkóso Ítálì nígbà náà, wọ́n ti ilé ìwé èdè Jámánì pa, wọ́n sì yí orúkọ ìlú padà. Lẹ́yìn ogun kejì, ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1946, àwọn mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè méjèèjì, Gruber ti Ọ́stríà àti De Gasperi ti Ítálì, fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Paris pé àwọn tó ń sọ èdè Jámánì níbẹ̀ yóò ní ẹ̀tọ́ dọ́gba, wọn yóò sì ní agbára láti ṣe òfin fún ara wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni pé nígbà tí ìwé òfin àkọ́kọ́ fún agbègbè náà jáde ní 1948, wọ́n da Bolzano pọ̀ mọ́ Trento, agbègbè tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí èdè Ítálì ti jọba, wọ́n sì gbé èyí tó pọ̀ nínú agbára náà fún ilé aṣòfin àpapọ̀ àwọn méjèèjì. Àwọn tó ń sọ èdè Jámánì ní ìjókòó nínú ilé yẹn. Wọ́n ń lọ síbẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń dìbò, wọ́n sì ń pàdánù, nítorí pé nínú ẹkùn àpapọ̀ náà, àwọn tó ń sọ èdè Ítálì ló pọ̀ jù. Ìjókòó láìsí agbára láti dá ọ̀rọ̀ dúró dà bí àga tí wọ́n gbé fún àlejò níbi ìpàdé ẹbí: wọ́n bọlá fún un, ṣùgbọ́n wọn kò bi í léèrè ohunkóhun. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún 1957, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn péjọ sí ilé olódi kan tí wọ́n ń pè ní Sigmundskron, Silvius Magnago, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn tó ń sọ èdè Jámánì níbẹ̀, sì bá wọn sọ̀rọ̀ pé àwọn fẹ́ kúrò lábẹ́ Trento. Ọ́stríà gbé ẹjọ́ náà dé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1960. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1961, àwọn kan fi àdó olóró wó àwọn òpó iná mànàmáná lóru ọjọ́ kan náà. Ìjíròrò gùn títí di 1972 kí ìwé òfin kejì tó jáde, èyí tó gbé agbára kúrò ní ilé àpapọ̀, tó sì kó o fún Bolzano àti Trento lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọdún 1992 ni Ọ́stríà tó kéde pé ìjà ti parí. Mo ń tẹnu mọ́ gígùn rẹ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àwọn òyìnbó kàn jókòó ní ọjọ́ kan, tí wọ́n sì gbọ́ ara wọn yé.

Ní báyìí, ilé aṣòfin Bolzano ní aṣòfin 35. Nígbà tí wọ́n bá kó wọn pọ̀ mọ́ 35 ti Trento, àwọn 70 yìí náà ló tún ń di ilé aṣòfin ẹkùn àpapọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó kù fún ilé àpapọ̀ náà kò pọ̀ mọ́. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń dìbò. Gbogbo agbègbè náà jẹ́ ẹkùn ìdìbò kan ṣoṣo. Kò sí pé a gé e sí 35 kí ẹnì kan máa wá láti ìkọ̀ọ̀kan. Olùdìbò ń yan ẹgbẹ́ kan, ó sì lè yan orúkọ olùdíje tó tó mẹ́rin nínú àwọn tí ẹgbẹ́ náà fà kalẹ̀. Bí ìbò tí ẹgbẹ́ kan ní bá ṣe tó ni ìjókòó tí yóò ní ṣe máa tó: ẹni tó bá gba ìdá kan nínú mẹ́ta ìbò yóò rí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìjókòó, ẹni tó bá gba ìdá mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún yóò ṣì rí ìjókòó kan. Nínú ìdìbò oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ẹgbẹ́ SVP, ẹgbẹ́ àwọn tó ń sọ èdè Jámánì àti Ladin (èdè kékeré kẹta tó wà níbẹ̀), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, gba ìjókòó 13. Àwọn ẹgbẹ́ mọ́kànlá mìíràn ló pín 22 tó kù láàárín ara wọn. Ẹ fi ojú inú wo ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ wa pẹ̀lú ẹgbẹ́ méjìlá nínú rẹ̀.

Àǹfààní irú ìdìbò yìí fún èdè kékeré ni pé kò sí ààlà tó lè gba àárín wọn kọjá. Bí àwọn tó ń sọ Akpes bá wà lábẹ́ irú ìlànà yẹn, ìbò Àkúnnù àti ìbò Ìkàràmù ìbá bọ́ sínú àpótí kan náà. Ṣùgbọ́n kò tó fún ẹ̀yà tó kéré gan-an, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ìkànìyàn ọdún 2011, àwọn tó sọ pé àwọn jẹ́ ti èdè Jámánì lé ní ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún, ti èdè Ítálì jẹ́ ìdá 26, àwọn Ladin sì jẹ́ ìdá mẹ́rin ààbọ̀. Àwọn Ladin yìí jẹ́ ará àfonífojì òkè, Badia àti Gherdëina, èdè wọn sì ti wà níbẹ̀ láti ayé àwọn ará Róòmù. Òfin ní ẹnì kan ó kéré tán nínú àwọn 35 gbọ́dọ̀ jẹ́ Ladin, ohun yòówù kí ìbò sọ. Bí wọ́n bá ka ìbò tán tí kò sí Ladin kankan, wọ́n gbọ́dọ̀ mú olùdíje Ladin kan wọlé kí ilé tó pé.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu jù nínú èsì ọdún 2023 ni ti àwọn tó ń sọ èdè Ítálì. Wọ́n lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin aráàlú, ṣùgbọ́n aṣòfin márùn-ún péré nínú 35 ló jẹ́ tiwọn. Kò sí màgòmágó nínú rẹ̀. Ìbò wọn pín sí ọ̀nà púpọ̀, àwọn kan nínú wọn sì dìbò fún àwọn ẹgbẹ́ tí olùdíje tó ń sọ èdè Jámánì pọ̀ nínú wọn. Nítorí náà, kódà ìdìbò tó ń wo ìwọ̀n ìbò kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé iye ẹ̀yà kan nínú ìlú ni yóò jẹ́ iye rẹ̀ nínú ilé. Ìdí rèé tí mo fi sọ níbẹ̀rẹ̀ pé kí a má dúró sórí kíkà ìjókòó.

Ohun tí àwọn ará South Tyrol fi sínú ilé fúnra rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Gbogbo aṣòfin ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹ̀yà èdè kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ilé sì mọ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀. Abala 56 ìwé òfin wọn ní bí àbádòfin kan bá dé, tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn aṣòfin ẹ̀yà kan bá gbà pé ó tako ìdọ́gba àwọn ẹ̀yà tàbí pé ó kan àṣà wọn, wọ́n lè béèrè pé kí ilé dìbò lẹ́yà-lẹ́yà. Láti ìgbà yẹn, kì í ṣe àpapọ̀ 35 nìkan ni wọn yóò kà mọ́. Wọn yóò mọ̀ ní gbangba ohun tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wí. Bí ilé bá kọ ìbéèrè náà, tàbí tí àbádòfin náà kọjá bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ẹ̀yà yẹn lòdì sí i, ẹ̀yà náà ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti gbé òfin náà lọ síwájú ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe wọn agbára yìí. Ẹ̀yà kékeré kò lè pa òfin fúnra rẹ̀, kò sì lè sọ ilé di ibi tí iṣẹ́ kò ti ní lọ. Ohun tó lè ṣe ni pé kí ó fi dandan mú gbogbo ilé dúró, kí wọ́n wo ojú rẹ̀, kí wọ́n sì mọ̀ pé adájọ́ lè bi wọ́n ní ìdí. Níbi tí irú ìlànà bẹ́ẹ̀ bá wà, ẹni tó ń kọ àbádòfin yóò ti lọ bá àwọn ẹ̀yà tó kù sọ̀rọ̀ kó tó gbé e wá, nítorí a kì í fá orí lẹ́yìn olórí.

Ti owó tún le ju ti òfin lọ. Nínú ètò ìṣúná, ẹ̀yà kan lè béèrè pé kí wọ́n dìbò lẹ́yà-lẹ́yà lórí orí kan pàtó: owó ilé ìwé, owó ilé ìtàgé, owó títì àfonífojì kan. Orí tí kò bá rí ìtẹ́wọ́gbà èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan yóò lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin tí iye àwọn tó ń sọ èdè Jámánì àti àwọn tó ń sọ èdè Ítálì dọ́gba nínú rẹ̀. Bí àwọn náà kò bá fẹnu kò, ọ̀rọ̀ náà yóò dé ilé ẹjọ́ ìṣàkóso ní Bolzano, níbi tí àwọn adájọ́ ti jẹ́ mẹ́rin sí mẹ́rin láti ẹ̀yà méjèèjì. Lẹ́yìn èyí, olórí ilé aṣòfin gbọ́dọ̀ wá láti inú ẹ̀yà èdè Jámánì fún oṣù 30 àkọ́kọ́, kó sì wá láti inú ẹ̀yà èdè Ítálì fún oṣù 30 tó tẹ̀ lé e. Ladin náà lè jẹ olórí bí ẹ̀yà tí ipò kàn bá gbà bẹ́ẹ̀. Ní 2017 ni wọ́n tún àwọn abala kan ṣe kí àwọn Ladin lè kópa níbi tó jẹ́ pé àwọn ẹ̀yà ńlá méjì nìkan ni òfin àtijọ́ mẹ́nu bà.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo rẹ̀ ló dára. Ìlànà tó ń ka èèyàn lẹ́yà-lẹ́yà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹ̀yà tí èèyàn jẹ́, ibẹ̀ sì ni ó ti ń dun àwọn kan. Ẹni tó bá fẹ́ díje gbọ́dọ̀ kéde èdè tó jẹ́ tirẹ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń sọ èdè Jámánì, tí ìyá rẹ̀ ń sọ èdè Ítálì, gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan. Alexander Langer, olóṣèlú kan tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wá bí àwọn ẹ̀yà náà yóò ṣe máa bára wọn gbé, kọ̀ láti kéde ní ìgbà ìkànìyàn; nígbà tó fẹ́ díje fún ipò olórí ìlú Bolzano ní 1995, wọ́n ní kò lẹ́tọ̀ọ́. Mo ronú sí èyí gidigidi nítorí Àkókó, níbi tí ìyàwó ti máa ń wá láti ìlú tí èdè rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti ọkọ, tí ọmọ sì ń gbọ́ mẹ́ta kó tó wọ ilé ìwé. Mo lòdì sí i pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ kankan nílẹ̀ wa máa kọ ẹ̀yà sára èèyàn. Ohun tí mo fẹ́ kí a mú níbẹ̀ ni ìbéèrè tí wọ́n gbà kí aṣòfin béèrè, kì í ṣe ìwé tí wọ́n fi ń ya èèyàn sọ́tọ̀.

Jámánì fi hàn pé ó ṣeé ṣe láìsí ìwé bẹ́ẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein, tó bá Dẹ́nmáàkì pààlà, ẹgbẹ́ tí kò bá gba ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìbò kì í rí ìjókòó kankan. Láti 1955, ọdún tí ìjọba Jámánì ní Bonn àti ìjọba Dẹ́nmáàkì ní Copenhagen kéde ẹ̀tọ́ àwọn ẹ̀yà kékeré níhà méjèèjì ààlà wọn, òfin yẹn kò mú ẹgbẹ́ SSW, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Dẹ́nmáàkì àti àwọn Frisia tó wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń bi olùdìbò pé èdè wo ló ń sọ. Ẹni tó bá wù ú lè dìbò fún wọn. Ní 2012, wọ́n gba ìdá 4.6, tí ì bá jẹ́ òfo fún ẹgbẹ́ mìíràn. Àwọn rí ìjókòó mẹ́ta nínú 69, mẹ́ta yìí ló sì sọ 32 tí ẹgbẹ́ méjì mìíràn ní di 35, tí ìjọba fi dúró. Obìnrin kan láti inú wọn, Anke Spoorendonk, di mínísítà. Àwọn kan bínú, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, kóòtù ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà sì fọwọ́ sí i ní 2013 pé ìyọ̀ǹda náà tọ̀nà.

Brussels ní Bẹ́ljíọ̀mù gba ọ̀nà tó le jù: nínú ìjókòó 89, wọ́n ti pín in kí ìdìbò tó dé, 72 fún èdè Faransé, 17 fún èdè Dutch, olùdìbò sì gbọ́dọ̀ yan apá kan kó tó yan ẹgbẹ́. Kò wù mí, n kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà wálé, nítorí a ti ní ilé aṣòfin ẹkùn rí níhìn-ín. Àwọn àgbà tó wà níbí rántí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn. Àwọn Ẹ̀dó, Urhobo, Itsekiri àti Ìjọ̀ wà nínú ẹkùn yẹn pẹ̀lú wa, wọ́n ní aṣòfin níbẹ̀, ohùn wọn sì máa ń rì sínú iye tiwa, àwa Yorùbá, bí ohùn Bolzano ṣe ń rì sínú ti Trento ní àkókò kan náà gan-an. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ìgbìmọ̀ Willink wá ní 1957 láti gbọ́ ẹ̀rù tó ń ba àwọn ẹ̀yà kékeré. Ìròyìn wọn jáde ní 1958. Wọn kò gbà kí a dá ẹkùn tuntun sílẹ̀, wọ́n ní kí a kọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sínú ìwé òfin. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó yí bí ilé Ìbàdàn ṣe ń dìbò padà. Ní oṣù Keje ọdún 1963, àwọn ará Benin àti Delta dìbò láti jáde, Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn sì di ẹkùn tirẹ̀. Arógbò àti Àpóì kò bá wọn lọ, nítorí abẹ́ agbègbè Oǹdó ti ìgbà náà ni ilẹ̀ wọn wà. Àwa la ṣẹ́ kù tí wọ́n ń wò lójú.

Nítorí náà, kí ni ilé aṣòfin ní Alágbàka lè ṣe láìdúró de Àbújá? Òun kò lè yí ìlànà ìdìbò padà, kò sì lè fa ààlà ẹkùn. Iṣẹ́ àjọ elétò ìdìbò INEC nìyẹn, láti 1996 ni wọn kò sì tí ì tún un pín. Ṣùgbọ́n abala 97 ìwé òfin wà níbẹ̀, ó sì ṣe tààrà: Gẹ̀ẹ́sì ni ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ yóò fi ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ilé lè fi èdè kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n ń sọ nínú ìpínlẹ̀ kún un, bí ilé bá ti fẹnu kò lé e lórí. Kò nílò kí gómìnà fọwọ́ sí i. Bí gbogbo àwọn 26 bá wà níjòókòó, èèyàn 14 tó. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ń fi Yorùbá jókòó ní Ọjọ́bọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú mi sì dùn sí i. Síbẹ̀ ẹ má gbàgbé pé ọmọ Ẹ̀gùn láti Àgbádárìgì tó bá jókòó níbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ náà kò tí ì gbọ́ èdè tirẹ̀. Bí Oǹdó bá fẹ́ ṣe é, kí a má ṣe Yorùbá nìkan.

Mo ti wà níbi ìjókòó ìtagbangba kan rí, n kò ní dárúkọ ibẹ̀, níbi tí bàbá àgbà kan ti dìde láti sọ̀rọ̀ nípa omi tó ń jẹ ilẹ̀ wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ ní èdè rẹ̀. Ó rí i pé àwọn tó jókòó níwájú kàn ń wo ara wọn, ó yí i sí Yorùbá, akọ̀wé sì sọ fún un pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ àkọsílẹ̀. Bàbá náà ká bébà tó mú lọ́wọ́ sí méjì, ó ní ọmọ òun yóò bá òun kọ ọ́, ó jókòó. Nígbà tí àkọsílẹ̀ ìjókòó náà jáde, mo wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú rẹ̀, n kò rí gbólóhùn kan. Ẹni tó ń ṣojú ẹkùn ìdìbò rẹ̀ wà nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà.

Ohun tí mo ń béèrè kò ju èyí lọ: kí ilé fẹnu kò lábẹ́ abala 97 pé Yorùbá àti èdè Ìjọ̀ di èdè tí aṣòfin lè fi sọ̀rọ̀ nínú ilé, kí ògbufọ̀ sì wà, kí ìjókòó ìtagbangba tí wọ́n bá ṣe ní Àkókó tàbí Ẹsẹ̀-Odò gba èdè tí aráàlú ibẹ̀ bá mú wá, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí ilé sì fi í sínú ìlànà iṣẹ́ ara rẹ̀ pé bí aṣòfin kan bá dìde tó sọ pé àbádòfin kan fọwọ́ kan èdè tàbí ilẹ̀ àwọn èèyàn òun, wọn kò ní dìbò ìkẹyìn lé e lórí títí ìgbìmọ̀ kan yóò fi lọ gbọ́ tẹnu wọn níbi tí wọ́n ń gbé. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni tèmi láti inú abala 56 ti South Tyrol, láìgba ìwé ẹ̀yà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, ìbéèrè wáyé. Màmá kan tó jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì béèrè bóyá àwọn Ìlàjẹ, Ìkálẹ̀ àti àwọn ará Àkúrẹ́ pàápàá kò ní sọ pé kí wọ́n fi ẹ̀ka èdè tiwọn náà kún un. Mo dáhùn pé: màmá, ẹ̀ka Yorùbá ni gbogbo wọn, aṣòfin Ìlàjẹ tó bá fi Ìlàjẹ sọ̀rọ̀ lábẹ́ orúkọ Yorùbá kò rú òfin kankan, mo sì nírètí pé yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Èdè tí aṣòfin Àkúrẹ́ kò lè gbọ́ rárá ni mo ń gbèjà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìkàràmù bi mí pé kí ló dé tí mo dárúkọ èdè Ìjọ̀ fún inú ilé, tí mo sì fi Akpes sí ìjókòó ìtagbangba nìkan. Ìbéèrè rẹ̀ tọ́. Mo sọ fún un pé aṣòfin kan wà láti Ẹsẹ̀-Odò tí ó lè lo èdè náà lọ́la bí wọ́n bá gbà á láyè, ṣùgbọ́n ìlànà ìdìbò wa kò tí ì fún àwọn tó ń sọ Akpes ní ẹni tí yóò dìde. Ó ní bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ògbufọ̀ ní ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ bá gòkè wá. Mo kọ ọ́, mo sì ti fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé ìbéèrè tí àwa méjèèjì fọwọ́ sí.